Fìrí Lojú Fi Ń Mọ Àwọ̀

Ọ̀gá mi, Bàbá Àlàó, tó kọ́ mi níṣẹ́ pẹ́ńtì ọkọ̀ ní Mazamaza, ló kọ́kọ́ pa ìtàn agẹmọ yìí fún mi. Ó ní àwọn ọdẹ méjì kan ń ti oko bọ̀, wọ́n bá agẹmọ lórí ewé. Ọ̀kan rí i fìrí, ó bá tirẹ̀ lọ. Èkejì dúró tì í, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní òun fẹ́ mọ àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n délé, ọba bi wọ́n pé irú àwọ̀ wo ni agẹmọ náà ní. Ẹni tó rí i fìrí ní àwọ̀ ewé ni. Ẹni tó wò ó pẹ́ ní ó dúdú díẹ̀, ó pupa díẹ̀, ó tún wá dà bí erùpẹ̀. Ọba ní kí wọ́n na ẹni yẹn, pé irọ́ ló ń pa. Bí Bàbá Àlàó bá dé ibẹ̀ yẹn, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Kò sì parọ́ o. Ó kàn wò ó jù ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tàbí kí ẹ máa wá iṣẹ́ ọ́fíìsì kiri ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹ wá ṣe pẹ́ńtì, mi ò sì ní kí ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ náà fún mi nílé, ó fún mi ní ikọ́ tí kò fẹ́ lọ, ó sì fún mi ní owú. Ilé àti ikọ́, ẹnikẹ́ni lè sọ ìyẹn fún yín. Owú ni mo fẹ́ sọ, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé iṣẹ́ ọwọ́ náà máa ń jẹ́ ká jowú bí ìyàálé.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kò gùn. Láti Ìkirun ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti mú mi wá sílé rẹ̀ ní ẹ́sítéètì Raji Rasaki l'Ékòó. Nígbà tó rí i pé ìwé kò wọ̀ mí lórí, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí Mazamaza, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi ọmọ yìí ṣe èèyàn." Ọ̀gá wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wo ilẹ̀, ó ní kí n lọ fọ agolo. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Fìrí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan yà ní kọ̀rọ̀, o rí etí aṣọ rẹ̀, ó ti wọlé: o rí i fìrí nìyẹn. Fìrí kì í ṣe wíwò. Ẹni tó ń wo nǹkan, òun ló lọ bá nǹkan ọ̀hún. Èyí tá a bá rí fìrí, òun ló wá bá wa, ká tó múra sílẹ̀ ó ti kọjá. Kì í sì í ṣe gán-án-ní. Bí mo bá gán-án-ní rẹ lókèèrè, mo ti mọ̀ pé ìwọ ni, mo lè pè ọ́ kó o dúró. Fìrí kò fúnni láyè àtipe èèyàn. Ní Èkó níbí, ọ̀rọ̀ náà tún níṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ́rìí ọ̀rọ̀, á ní, "Èmi kàn rí i fìrí ni o," ẹ ó sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Obìnrin tó bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé, fìrí kan náà tó o: "Mo rí ẹ fìrí ní Alákijà lánàá. Ta nìyẹn?" Owú kì í béèrè ju fìrí lọ kó tó gbéra.

Lọ́dọ̀ Bàbá Àlàó, irinṣẹ́ ni fìrí, bí igi ìpo pẹ́ńtì ṣe jẹ́ irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wọ́n lè gbá ọkọ̀ ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Àwọn tó ń lu irin á lù ú títí á fi tẹ́jú. Ó wá ku kí a po pẹ́ńtì tó máa jọ ti ara ọkọ̀ tó kù, kí ẹnikẹ́ni má mọ ilẹ̀kùn tí a ṣe. Nígbà yẹn, inú agolo mílíìkì la ti ń pò ó: funfun díẹ̀, yẹ́lò díẹ̀, dúdú bí omi ojú ẹyẹ. A ó fi kan pátákó irin, a ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Òfin ọ̀gá wá ni pé kó o kẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà ná, kó o wo ilẹ̀ títí ojú rẹ á fi sinmi. Lẹ́yìn náà, yíjú, rí i fìrí, kó o tún kẹ̀yìn padà. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ sọ, bóyá ó pọ́n jù ni o, bóyá ó ṣú jù ni, òótọ́ nìyẹn. "Bí ojú bá pẹ́ lórí àwọ̀ méjì," ọ̀gá á ní, "á bẹ̀rẹ̀ sí í parí ìjà fún wọn. Iṣẹ́ tiwa kọ́ ni ìlàjà."

Èmi kì í lè mú ojú kúrò. Mo máa ń dúró ti ọkọ̀ bíi pé á bá mi sọ̀rọ̀. Igi ìpo pẹ́ńtì á sì dé orí mi, kọ́ọ́.

"Dèjì, kí lo tún ń wò?"

"Mo fẹ́ kó dá mi lójú ni, sà."

"Ṣé ìyàwó rẹ ni?"

Mo jìyà igi yẹn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Mo kọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Màá po àwọ̀, á bàjẹ́, màá dà á nù, màá tún un pò, títí á fi bọ́ sí i. Bó bá ti bọ́ sí i, ọ̀gá á wò ó, á ní, "Dèjì, ó dáa. Máa fọ́n ọn." Ó dáa náà ni, títí tí mo fi di àgbà ọmọ iṣẹ́.

Múfú wá dé. Ẹ fọkàn sí i pé lẹ́yìn mi ló dé. Èmi ni mo fi ibi tí wọ́n ń da omi sí hàn án. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi sáńdípépà ha ara ọkọ̀ kó má baà ní ọgbẹ́. Kò tíì pẹ́ rárá, ọ̀gá ń dán wa wò lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan, Múfú kàn yíjú, ó kẹ̀yìn, ó ní, "Ó ń fẹ́ yẹ́lò, sà. Kò pọ̀." Ọ̀gá kán yẹ́lò sí i. Ó bọ́ sí i bí ìbọ̀sẹ̀.

Bàbá Àlàó gbé agolo sílẹ̀. Ó wá ní, "Múfú ríran."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí nípa ara mi. Láti ìgbà náà, n kò fẹ́ ohun mìíràn nínú iṣẹ́ yẹn ju kí ọ̀gá mi wo ohun tí ọwọ́ mi ṣe, kó sì sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn nípa mi. Ẹ máa rò pé ó kéré. Ẹ dúró títí ẹ̀yin náà á fi ní ọ̀gá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Múfú. Mo mọ bó ṣe ń jẹun, mo mọ ẹni tó ń kí i. Èyí tó tún ń pa mí lára jù ni ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́ pẹ́ńtì, kì í sì í ní àbàwọ́n. Pẹ́ńtà wo ló ń wọ funfun?

Mo bi í lọ́jọ́ kan lójú gbogbo ènìyàn. "Múfú, ṣé ilé àna lò ń lọ ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Dèjì, pẹ́ńtì tó bá mọ ẹni tó ń darí ẹ̀ kì í ta sí i lára."

Gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì tí a ti ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi tí pẹ́ńtì bo ara mi láti irun dé èékánná, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun. Bí mo bá délé, ọ̀rọ̀ Múfú ni mo máa fi jẹun. Fúnkẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó mi nígbà náà, gbọ́ ọ títí ó fi sú u. "Tó bá jẹ́ èmi lò ń rò báyìí ni," ló wí, "mi ò bá ti sanra."

Ìgbà tó yá, ọ̀gá pe gbogbo wa jọ. Ó ní ara òun ń fẹ́ ìsinmi, òun fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀ fún ẹnìkan láàrin wa. "Ẹni tó bá ríran ni màá fi síbẹ̀," ló sọ. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ènìyàn ló wo ojú Múfú. Èmi náà wò ó.

Àsìkò òjò ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Tapólì tó bo ṣẹ́ẹ̀dì ti fà ya, ọ̀gá ra tuntun, aláwọ̀ búlúù, a sì so ó. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ̀ Bàbá Díákónì wọlé. Àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ilé rẹ̀ wà létí kánáàlì ní Festac. Ọkọ̀ kírímù kan báyìí ló ní, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Wọ́n gbá a ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti ìdí. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ló fẹ́ fi lọ dúpẹ́ ìfẹ̀yìntì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ní, "Múfú, ìwọ lo máa po eléyìí." Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìta la ti máa ń po àwọ̀. Lọ́jọ́ náà, òjò ò dá, Múfú pò ó lábẹ́ tapólì. Mo jókòó sórí táyà, mo ń wò ó. Ó kẹ̀yìn, ó yíjú, ó kẹ̀yìn. Ó kán dúdú díẹ̀ sí i. Bó ṣe yíjú lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fìrí: ó ti di búlúù. Inú mi dùn, mi ò ní tàn yín jẹ. Mo ní pẹ́ńtì ti ta sí i lára lónìí. Àfi bí mo ṣe wo apá tèmi, tí mo rí i pé ó búlúù pẹ̀lú, mo wo agolo funfun, òun náà búlúù. Ìgbà yẹn ló yé mi pé tapólì ló ń kun gbogbo wa. Bàbá Àlàó mọ̀ pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń parọ́, ó sì mọ̀ pé gílóòbù ń parọ́. Ṣùgbọ́n tapólì aláwọ̀ kò wọ ṣẹ́ẹ̀dì wa rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Mo lọ bá a. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ti ọkọ̀ yìí síta ká tó fọ́n pẹ́ńtì sí i. Tapólì yìí ń yí àwọ̀ padà."

Kò gbójú sókè. "Òjò ń rọ̀."

"Ká dúró kó dá, sà."

"Ta ló po àwọ̀ náà?"

"Múfú ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó wá wò mí. "Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo pò ó, ṣé tapólì á yí i padà?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Múfú fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, tapólì ò jà yín lólè. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo padà sórí táyà mi. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ẹnu ajowú ló ti jáde. Òótọ́ tó bá gba ẹnu ajowú kọjá, bí òróró tó gba inú garawa epo bẹntiróòlù ni, kò sẹ́ni tó máa fi dín nǹkan mọ́.

Wọ́n fọ́n ọn. Ó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn là, Bàbá Díákónì wá gba ọkọ̀. A tì í jáde sínú oòrùn. Ara ọkọ̀ jẹ́ kírímù, ilẹ̀kùn àti ìdí dà bí eérú àná. Ọmọ kékeré á rí i láti òdìkejì títì. Bàbá Díákónì yí ọkọ̀ náà po, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Ọ̀gá Àlàó," ó ní, "ọkọ̀ mi wọ aṣọ ẹlòmíràn."

Ọ̀gá mi, ẹni tí kì í tọrọ gáfárà, dọ̀bálẹ̀. Bàbá Díákónì kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú náà ni, tòun ti aṣọ funfun àti ọ̀pá ìtilẹ̀, gbogbo ẹni tó bi í pé ọkọ̀ dà, ó sì sọ ohun tí a ṣe sí i fún wọn. Ìdáhùn yẹn ló pa wá. A tún gbogbo ara ọkọ̀ náà kùn látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa láti Festac bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó padà.

Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì fún un. Mo rò pé ọjọ́ mi ti dé. Mo rò pé á sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

"Nígbà tí Múfú ń wo ọkọ̀," ó ní, "kí ni ìwọ ń wò?"

"Múfú ni, sà."

"Ó dáa," ló wí.

Nígbà tó máa fi ṣẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, Múfú ló fún. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa, kò gbé ohùn sókè. "Tapólì ló tan Múfú jẹ. A lè ká tapólì. Èyí tó ń tan Dèjì jẹ, ibo la ti fẹ́ ká a?"

Mo kó ẹrù mi lọ sí Alákijà, mo ṣí ṣẹ́ẹ̀dì tèmi. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí irun mi fi funfun. Mo tọ́ ọmọ, mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, òfin fìrí náà ni mo fi kọ́ wọn, igi ìpo pẹ́ńtì náà ni mo fi lù wọ́n. Oníbàárà á wo iṣẹ́ mi, á ní, "Ó dára o. Ṣé ọ̀dọ̀ Múfú ti Mazamaza lẹ ti kọ́ṣẹ́ ni?" Màá ní rárá, èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n á ní, "Háà, ẹ̀gbọ́n Múfú nìyí." Bí mo ṣe gbé ìgbé ayé mi nìyẹn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Agolo mílíìkì lọ, àwọ̀ tí wọ́n ti pò láti ilé iṣẹ́ dé, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ wá sí Mazamaza. Ó tóbi tó áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ, ó lójú kan lábẹ́. Wọ́n á fi kan ara ọkọ̀, á ṣẹ́jú, á sì kọ gbogbo ohun tó wà nínú àwọ̀ náà fún wọn. Fìrí ni ẹ̀rọ náà fi ń rí, kò sì sẹ́ni tó na án rí. Mo jowú rẹ̀ bí mo ṣe jowú ènìyàn. Mo gbọ́ pé ó ti gba oníbàárà Múfú, inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, títí àwọn tèmi náà fi tẹ̀ lé wọn. Múfú ti ṣẹ́ẹ̀dì, ó padà sí Ìwó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọ́lé dè é síbẹ̀. Fúnkẹ́ ló mú ìròyìn náà wá. "Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gan-an tún dára ju tìẹ lọ," ló wí, ó ń bó ẹ̀gúsí lọ.

Dọ́kítà wá ní kí n fi pẹ́ńtì sílẹ̀, kí ikọ́ má baà gbé mi lọ. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn ni ọkọ̀ olùkọ́ obìnrin kan ní Amuwo. Ọkọ̀ pupa tó ti gbó ni, oòrùn ti fa àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ti po àwọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i, torí apá kan oòrùn jẹ, apá kan kò jẹ. Mo pò ó fúnra mi, nínú agolo. Mo kẹ̀yìn, mo yíjú, mo kẹ̀yìn. N kò wo ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, torí kò sẹ́nì kankan nínú ṣẹ́ẹ̀dì.

Bí mo ṣe ń gbé ọkọ̀ náà lọ fún olówó rẹ̀, mo yà kí Bàbá Àlàó ní Amuwo níbẹ̀. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, àga ni wọ́n ń gbé e sí níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ pé Dèjì ni. Ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ọkọ̀.

"Wọ́n ṣe é ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ilẹ̀kùn iwájú kan ni, sà."

"Má sọ èwo ni." Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹni tó ṣe eléyìí ríran."

Mo ń wá ohùn tí màá fi dúpẹ́ nígbà tó fún ọwọ́ mi pọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò mọ̀ pé Múfú ṣì ń ṣiṣẹ́," ló wí. "O sì ń bá a gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún oníbàárà. Dèjì, ìwọ fúnra rẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kí owú yẹn kúrò lọ́kàn rẹ kí n tó lọ. Wàyí, mo lè sùn."

Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé omi wá fún mi. Mo mu ún. Bàbá ṣì ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọwọ́ mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," mo sì wọ ọkọ̀.

Kò tíì pẹ́ rárá. Bàbá ṣì wà láàyè, ilé náà ò jìnnà sí mi, n kò sì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ìwọ tó o ti ń gbọ́ mi bọ̀ látòkè, tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá padà lọ sọ fún un pé ọwọ́ ta ló ṣe ọkọ̀ náà?